Ọ̀kan kánkán, èjì jẹ́jẹ́: bí ẹ ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ yín ní sáìn softball

Ẹnikẹ́ni tí ìyá Yorùbá bá tọ́ ti mọ sáìn kó tó mọ ABD. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá màmá yín lọ kí èèyàn, wọ́n wá gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran síwájú yín, ẹ ò ní kọ́kọ́ wo oúnjẹ, ojú màmá lẹ máa wò, bí wọ́n bá ti ṣẹ́jú báyìí pẹ́rẹ́ ẹ ti mọ̀ pé "ẹ ṣeun mà, mo ti yó" ló kù tí ẹ máa sọ, ebi ì báà máa pa yín kú lọ. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá ò gbọ́ nǹkan kan, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ti ṣèpàdé tán lórí ẹran òun. Ohun tí káṣà àti píṣà ń ṣe nínú softball náà nìyẹn, ìka ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn dípò ojú, ẹni tí wọn ò sì fẹ́ kó gbọ́ ni ẹni tó mú báàtì dúró sáàárín àwọn méjèèjì. (Àwọn ọmọ mi ń pe onítọ̀hún ní "onígi". Mo ní ẹ kúrò níbẹ̀ jàre, onígi ni ìyá tó ń ta igi ìdáná, wọn ò gbọ́, èmi náà ti wá ń pè é bẹ́ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ n tètè ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá mi dúró ní Lágéré nílé Ifẹ̀ níbí pé "Àńtí Kóòṣì, ṣé kíríkẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn?" Rárá o. Softball ni, àbúrò baseball, Chicago ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1887, inú ilé ni wọ́n tiẹ̀ ti kọ́kọ́ gbá a. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń wà lórí pápá, ìníǹgì méje, ìyẹn abala eré méje tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gba báàtì lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Píṣà máa ń ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ ni, ọwọ́ á yí po bíi fáànù, káṣà á lóṣòó sẹ́yìn home, ibi tí onígi dúró sí, láti hán an. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 10 lọ máa ń jù ú láti ẹsẹ̀ bàtà 35, àwọn ọmọ 12 láti 40, àwọn ọmọ 14 sókè láti 43. Kò jìnnà rárá. Bọ́ọ̀lù ò ní lò tó sẹ́kọ́ńdì kan lójú ọ̀nà, ìyẹn ni pé káṣà gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ píṣà, bí kò bá mọ̀ ọ́n, ojú ara ẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù ni pé láàrin àwọn ọmọdé, olè sáìn (ẹni tó ń yọ́ sáìn wa wò kó lè mọ bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀) kọ́ ni ìṣòro wa. Mo ti rí àwọn kóòṣì tó lọ wo YouTube mọ́jú, wọ́n wá kó sáìn mẹ́rìnlá wá fún ọmọ ọdún mọ́kànlá láàárọ̀ Sátidé, fọwọ́ kan imú, fọwọ́ kan fìlà, nu àyà, nu itan, ẹ ó rò pé eṣinṣin ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ yẹn ò rí i, tó bá rí i kò rántí, tó bá sì rántí, píṣà ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan ọ̀hún. Àwọn tá a ń bá gbá a ò jí nǹkan kan lọ, àwa fúnra wa la ò gbọ́ ara wa yé. Torí náà òfin tèmi ni pé sáìn ò gbọdọ̀ pọ̀ ju ohun tí píṣà lè jù lọ, mi ò sì ka ohun tó jù dáadáa lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ Túsìdeè mọ́ ọn o, ohun tó bá lè jù síbi tó yẹ nígbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá ní tiréníìnì ni mò ń sọ. Bó bá jẹ́ fastball, bọ́ọ̀lù tó ń sáré, nìkan ló ní, sáìn kan péré ló ní. Ẹ ṣì jẹ́ kí káṣà máa fi sáìn kan yẹn hàn án ní gbogbo ìgbà, kí píṣà máa wò ó, kó máa mi orí, kí ara wọn ti mọ́ ọn kí ìkejì tó dé.

Ó yá, ó kan ìka. Ìka kan jẹ́ fastball fẹ́rẹ̀ẹ́ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń gbá eré yìí, ẹ má yí ìyẹn padà. Ìyókù, bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo kàn ka nọ́ńbà fún wọn bíi tábìlì ìṣirò, méjì ni change-up, mẹ́ta ni drop, ẹ lọ há a sórí, wọ́n há a sórí lóòótọ́, ó sì jábọ́ lórí wọn kí wọ́n tó dé géètì. Ohun tó là mí lójú ni àrokò. Ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́ ẹnìkan lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, kò ní kọ lẹ́tà, ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ẹẹ́fà ni, ọkàn ẹni yìí fà sí mi. Orúkọ nọ́ńbà yẹn gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ náà dání. Mo ní háà, kí ló dé tí mi ò lo ti àwọn bàbá wa.

Bí a ṣe wá ń pè é nìyí: ọ̀kan, kánkán. Èjì, jẹ́jẹ́. Ẹ̀ta, takìtì. Ẹ̀rin, rìn.

Kánkán ni fastball, kò nílò àlàyé. Jẹ́jẹ́ ni change-up, ọwọ́ píṣà á sáré bó ṣe máa ń sáré, bọ́ọ̀lù nìkan ni kò ní sáré, onígi á ti fi báàtì gbá afẹ́fẹ́ tán kí bọ́ọ̀lù tó dé (ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú eré yìí nìyẹn, mi ò lè purọ́). Takìtì ni drop, torí pé bọ́ọ̀lù yẹn máa ń yí síwájú lórí ara ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń ta takìtì, tó bá wá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ onígi ó máa wálẹ̀ wìì. Rìn ni curve, ó máa ń rìn kúrò lójú ọ̀nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ tó bá ti gbọ́ takìtì lẹ́ẹ̀kan, tó tún ta á lórí koríko níbẹ̀ kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ jí i lóru kó sọ ẹ̀ta fún yín. Àrún náà wà, rú sókè, ìyẹn rise, àmọ́ mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn tèmi, mo kàn sọ ọ́ torí pé wọ́n á bi yín ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méjìlá, kánkán àti jẹ́jẹ́ ti tó o. Méjì tó gún régé sàn ju márùn-ún tó ń ṣe ségesège.

Ohun kékeré kan wà tó máa ń da ojú rú, ẹ̀ta àti èjì máa ń jọra wọn lọ́wọ́ ọmọdé, ìka kẹta kì í nà tán, pàápàá tí ọwọ́ bá ti ń làágùn. Àwa máa ń mi ìka méjèèjì fún jẹ́jẹ́, díndín díndín báyìí, ẹ̀ta ò ní mì. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ni aáwọ̀ parí láàrin káṣà mi àti píṣà mi, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí wọ́n ń gbé ìjà náà délé.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Ibí yìí ni mo ti jìyà jù. Ìwé àwọn Amẹ́ríkà máa ń sọ pé "inú" ni ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ara onígi, "ìta" ni èyí tó jìnnà sí i. Ó dáa lórí ìwé. Tí onígi tó ń lo ọwọ́ òsì bá wá dé, inú di ìta, ìta di inú, àwọn ọmọ mi á dúró máa ro ó bíi ẹni tó ń ro ìdánwò jámbù. Mo wá fi ọgbọ́n orí mi ṣe é, pápá tí a ń lò nílé Ifẹ̀ níbí, igi máńgòrò ńlá kan wà lápá kan, ògiri ilé ìwé wà lápá kejì, mo ní ó yá, "máńgòrò" àti "ògiri", ó parí. Ó dùn! Oṣù méjì gbáko, ẹnikẹ́ni ò ṣì í. A wá lọ gbá a ní Iléṣà. A débẹ̀, kò sí máńgòrò. Kò sí ògiri. Pápá gbalasa ni, koríko lọ́tùn-ún koríko lósì. Káṣà mi dìde nínú ìníǹgì kìíní, ó ní "Àńtí Kóòṣì, máńgòrò dà?" Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ gbọ́, ẹnìkan láàrin àwọn òbí wọn dáhùn pé ó kù díẹ̀ kó so. Ẹ̀yin ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ohun tá a ń ṣe báyìí rọrùn ju gbogbo ìyẹn lọ. Káṣà á fi nọ́ńbà hàn tán, á wá fọwọ́ kan itan ara ẹ̀, itan tó bá fọwọ́ kàn, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kí píṣà ju bọ́ọ̀lù sí. Kò sí pé ọ̀tún ta ni, òsì ta ni, ṣebí àwọn méjèèjì kọjú síra wọn ni, ọ̀tún ẹnì kan òsì ẹnì kejì ni, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ wọn rárá. Ju ú síbi tí o rí ọwọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lè kọjú sókè tàbí kó dojú kọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú fi ìyẹn kún un, mo fi ọdún kan gbáko sí i kí n tó fi kún ti àwọn àgbà.

Bí wọ́n ṣe ń lóṣòó. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn káṣà mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi, wọ́n wá wo wa lọ́jọ́ kan, wọ́n wo ọmọ wọn bó ṣe lóṣòó fún wákàtí kan, wọ́n ní "ẹ ò rí i, Òṣómàáló ni wá, bí àwọn bàbá wa ṣe ń lóṣòó gba gbèsè nìyẹn." Ó ku ẹni tó máa jiyàn. Nígbà tó bá ń fún sáìn, kí orúnkún má yà jù, ọwọ́ ọ̀tún á wọlé sáàárín itan, kí ìka fara mọ́ ara dáadáa, kó má sọ̀ kalẹ̀ kọjá itan, torí tó bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì wọn á máa kà á bíi pátákó ìpolówó. Gílófù ọwọ́ òsì á bo iwájú orúnkún òsì, ìyẹn á dí kóòṣì wọn tó dúró lẹ́bàá béèsì kẹta lójú (béèsì ni àwọn ibùdó tí eléré máa ń sáré kàn kó tó padà dé home), orúnkún ọ̀tún náà á yí wọlé díẹ̀ kí ti béèsì kìíní má baà rí nǹkan. Kí ìgúnpá má mì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ìgúnpá yẹn, torí ọmọ lè fi ìka pamọ́ dáadáa kí apá ẹ̀ sì máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà síta, tí ìgúnpá bá ti lọ sọ́tùn-ún gbogbo ayé ti mọ̀ pé ọ̀tún ni. Kó má sì tètè sún lọ síbi tó ti fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, àwọn onígi kan máa ń yọ́jú wo ẹ̀yìn, kó dúró sáàárín títí píṣà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́.

Tó bá ti wá di bí aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, oòrùn á wà lẹ́yìn igi, òjìji á bo àárín itan káṣà, píṣà ò ní rí ìka mọ́. Ọwọ́ wa dúdú, ṣòkòtò wa dúdú. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbòmíì ni pé kí káṣà kun èékánná ní kútẹ́ẹ̀sì funfun tàbí àwọ̀ tó ń tàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ilé ìwé wa, ọmọ tó bá wọlé pẹ̀lú kútẹ́ẹ̀sì láàárọ̀ Mọ́ńdè, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà títí di àkókò ìsinmi, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn tèmi, ó sọ pé "sáìn ni mà", tíṣà bi í pé sáìn kí ni, kò lè ṣàlàyé. Ẹ lo pílásítà funfun. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wé e mọ́ ìka lókè èékánná, tí eré bá parí ẹ já a sọnù.

Ti píṣà wá. Ìwé òfin ní kí píṣà dúró lórí pátákó rẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó gba sáìn tàbí kó ṣe bí ẹni tó ń gbà á, kó tó pa ọwọ́ pọ̀. Ìyẹn dáa fún wa, torí ó fipá mú un láti wo káṣà. Kí ó wò ó tán pátápátá, kó mi orí. Bí kò bá fẹ́ ohun tí wọ́n sọ, kó gbọn orí, káṣà á fún un ní òmíràn. Mo mọ̀ pé àwọn kóòṣì kan ò gba gbígbọn orí yẹn, wọ́n ní ọmọdé ò gbọdọ̀ jiyàn, èmi gbà á, torí ọmọ tó bá ju ohun tí kò dá a lójú, ó máa ń jù ú bíi pé ó ń ju ìdọ̀tí nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni o, kì í ṣe kí wọ́n dúró máa gbọn orí síra wọn bíi aláǹgbá, ọ̀pọ̀ ìdíje 20 sẹ́kọ́ńdì péré ni wọ́n ń fún píṣà.

Sáìn tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kóòṣì kì í kọ́ wọn, ni "mi ò rí i, tún un ṣe". Àwa máa ń fọwọ́ gbá orí helmet lẹ́ẹ̀mejì tó bá jẹ́ káṣà, píṣà á fọwọ́ nu iwájú aṣọ. Láìsí ìyẹn, ọmọ á méfò. Àwọn ọmọ wa tiẹ̀ máa ń tijú láti sọ pé àwọn ò gbọ́, wọ́n á kàn ní "yes ma". Lọ́dún méjì sẹ́yìn, káṣà mi fún un ní jẹ́jẹ́, píṣà rí ọ̀kan, ó mi orí, kánkán wá dé bá ẹni tó ti fọkàn balẹ̀ dúró de ohun tó ń rọra bọ̀. Orí irin ìbòjú ló bà, a dúpẹ́ pé ó wọ̀ ọ́, ọmọ yẹn ò sunkún lọ́jọ́ náà ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dijú kí bọ́ọ̀lù tó dé. Torí náà tí sáìn bá ti parí, tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí béèsì, kí ọwọ́ káṣà tí kò wọ gílófù lọ sẹ́yìn, kó fara pamọ́, ìka ò ní ààrọ̀.

Ìgbà wo la wá máa ń bẹ̀rù olè sáìn? Nígbà tí eléré wọn bá wà lórí béèsì kejì. Òun nìkan ló kọjú sí àárín itan káṣà gbọọrọ, ó ń rí ohun tí píṣà ń rí. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, eléré yẹn ń ronú bó ṣe máa sáré ni. Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, kí káṣà fi ìka hàn nígbà mẹ́ta mẹ́rin, kí ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ òótọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn ni pé kí wọ́n ka iye out tó wà, ìyẹn iye eléré wọn tí a ti lé jáde, kí wọ́n fi ọ̀kan kún un. Kò sí out, sáìn kìíní ni òótọ́. Out kan, ìkejì. Out méjì, ìkẹta. Ìyẹn ni pé bí káṣà bá fi ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, ẹ̀ta hàn tí out sì jẹ́ ọ̀kan, jẹ́jẹ́ ló pè. Kò sí nǹkan tí wọ́n ní láti há sórí, ṣebí gbogbo wọn ló yẹ kó ti mọ iye out tẹ́lẹ̀, bí ẹnìkan ò bá mọ̀ ọ́n ẹ ti rí ìṣòro míì tí ẹ máa yanjú nìyẹn. Àwọn ọmọ mi tiẹ̀ ní kí á kúkú máa fi ẹnà pariwo ẹ̀, "jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́!", mo ní ṣé ẹ rò pé àwọn ọmọ Iléṣà ò gbọ́ ẹnà ni?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan nìyí o. Àwọn Houston Astros, baseball àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà, tí owó wọn tó owó, wọ́n fi kámẹ́rà wo sáìn káṣà lọ́dún 2017, wọ́n wá ń fi igi lu garawa ìdọ̀tí lẹ́yìn kí onígi wọn lè mọ̀ pé kì í ṣe kánkán ló ń bọ̀. Garawa o! Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Àṣírí tú, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún wọn ní January 2020. Láti 2022 ni àwọn káṣà ibẹ̀ ti ń tẹ bọ́tìnnì kan tó ń sọ̀rọ̀ sí píṣà létí. Àwa ṣì wà lórí pílásítà.

Tó bá jẹ́ kóòṣì ló ń pe bọ́ọ̀lù láti bẹ́ǹṣì, káṣà á kọ́kọ́ yíjú wo kóòṣì, á gbà á, á wá fi fún píṣà. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ kan ojú: imú ni ọ̀kan, etí ni èjì, àgbọ̀n ni ẹ̀ta. Ẹ yan ibì kan tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́, bíi fìlà, ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn lẹ́yìn fìlà nìkan ló jẹ́ òótọ́, ìyókù ariwo ni. Kí nǹkan kan tún wà tó ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, èmi máa ń fọwọ́ nu apá láti òkè dé ìsàlẹ̀. (Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀fọn ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbá ẹ̀fọn létí lọ́jọ́ kan, jẹ́jẹ́ ni wọ́n jù.)

Ọ̀nà kejì ni káàdì ọwọ́, òun ni mo ń lò báyìí, torí kò sí ohun tí wọ́n ní láti rántí. Ẹ ya àpótí márùn-ún sí ìbú, márùn-ún sí òòró, ó di 25. Ẹ kọ 1 dé 5 sí orí òkè, 1 dé 5 sí ẹ̀gbẹ́. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ẹ kọ bọ́ọ̀lù kan, kí èyí tí ẹ ń lò jù pọ̀ jù, tèmi jẹ́ kánkán 12, jẹ́jẹ́ 8, takìtì 5, ẹ da wọ́n pọ̀ ségesège. Tí mo bá pariwo "mẹ́rin, méjì!", káṣà á wo ibi tí mẹ́rin òkè àti méjì ẹ̀gbẹ́ ti pàdé. Mo lè pe kánkán ní ọ̀nà méjìlá, kí ẹni tó fẹ́ jí i jókòó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà èyíkéyìí á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á láámínéètì ẹ̀ fún yín, ẹ gbé e fún télọ̀ kó rán ìlásítíìkì fífẹ̀ tó ní àpò sí i, kò wọ́n rárá. Ẹ ṣe méjì yàtọ̀ síra, ọjọ́ tí káàdì kan bá sọnù sórí pápá àwọn ẹlòmíì ẹ máa mọ ìdí ẹ̀.

Ohun tí a máa pè gan-an ńkọ́? Èyí ló gba ọgbọ́n, mi ò lè sọ gbogbo ẹ̀ tán. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún onígi kọ̀ọ̀kan, kánkán, kó bọ́ sójú ibi tó yẹ, ẹ má dárà. Tí ball (bọ́ọ̀lù tí kò bọ́ síbi tó yẹ, tí onígi ò sì gbìyànjú láti gbá) bá ti di mẹ́ta, kánkán náà ni, torí ìkẹrin á gbé e lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́jẹ́ wà fún onígi tó ń yára, tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ síta lápá ibi tó ti dúró, tó dà bíi pé ó ń dúró de kánkán pẹ̀lú ìbínú. Àṣìṣe tí mo ń rí níbi gbogbo, tí èmi náà ṣe títí ó fi sú mi, ni kí wọ́n pe jẹ́jẹ́ fún ọmọ tí kò lè bá kánkán. Ọmọ náà ti pẹ́ jù lẹ́ẹ̀mejì, báàtì ẹ̀ ń dé lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kọjá, ẹ wá lọ rọra gbé èyí tó fà wá bá a gẹ́lẹ́ níbi tí báàtì ẹ̀ wà. Ẹ ti ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. Kánkán, kánkán, kánkán, kó lọ jókòó. Takìtì dáa tí sítíráìkì (bọ́ọ̀lù tó bọ́ síbi tó yẹ tàbí tí onígi fi báàtì tàsé) bá ti di méjì, ṣùgbọ́n ó máa ń bọ́ sílẹ̀ ní iwájú káṣà, tí eléré bá wà ní béèsì kẹta tí káṣà yín ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyà dí i, ẹ fi takìtì sílé.

Tí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pípè náà lé káṣà lọ́wọ́. Èmi máa ń fún wọn ní ìníǹgì kan, ìyẹn ìkẹta, mi ò ní pe nǹkan kan, màá ká ọwọ́ mi sẹ́yìn kí n má baà fọwọ́ kan imú. Lẹ́yìn eré màá bi í pé kí ló dé tó o fi pe jẹ́jẹ́ fún ọmọ tó wọ nọ́ńbà méje, tó bá ní "ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń gbéra kí bọ́ọ̀lù tó dé, mà," mo ti gbà, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà gbá a jáde. Tó bá ní "mo kàn pè é ni", a ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nílé, wọn ò nílò pápá. Kí méjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan lóṣòó, ìkejì dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá, kí ẹni tó lóṣòó fi sáìn ogún hàn, kí ìkejì pè é sókè, kó sì nàka síbi tó rí ọwọ́ sí, "kánkán, ibí yìí", "takìtì, ọ̀hún yẹn", kí ẹlòmíì máa ka iye tó ṣì. Ẹ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ tí NEPA ti múná lọ, kí ẹ mọ̀ bóyá pílásítà yẹn ń hàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá wọn pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ní Àńtí Kóòṣì, nígbà tí wọ́n ń kéde ìdáwó kọ́lé, ẹ̀gbọ́n kàn nawọ́ ìka méjì sáàárín itan, ó ń mì ín, àbúrò ń rẹ́rìn-ín, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Mo ní mà, jẹ́jẹ́ ni.